Àpótí Ayọ̀níkẹ́ àti ọ̀rọ̀ keep

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹwàá, 2005. Rothenburgsort, Hamburg

Ayọ̀níkẹ́ ìyàwó mi kú ní Berlin ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ ọdún yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Berlin náà la sin ín sí. Ọmọ méjì ti ṣíwájú rẹ̀ lọ, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe bu erùpẹ̀ lé wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má kọ́ mi ní ẹkún. Mo mọ̀ ọ́n sun, mo sì ti sun ún tán.

Èmi Oyèwọlé ni mò ń sọ̀rọ̀. Mọ́nsúrù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ ní èbúté, ni ó ń kọ ọ́. N kò lọ ilé ìwé. Fẹ̀hìntọlá, àkọ́bí mi, ló ní lórí fóònù pé ohun tí mo bá sọ lónìí, tó bá di ọ̀la n ó ní n kò sọ ọ́. Ó dáa. Ó ti wà nínú ìwé báyìí.

Ohun tí mo sọ nìyí: àpótí ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, n kò sì tíì ṣe tán láti ṣí i.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ le ju ìyẹn lọ. Mọ́nsúrù ló gbé bírò sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ pé ẹ ò tíì ṣe tán. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọ pé ẹ ò ní ṣí i láéláé. Ènìyàn a máa fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́yìn tí yóò gbà padà." Mo ní kó kọ èyí tó bá wù ú. Ààwẹ̀ ti gbẹ ẹ́ lẹ́nu, kò ní mu omi títí oòrùn yóò fi wọ̀, síbẹ̀ ó ń bá mi jiyàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹwàá

Òjò. Òtútù ò tíì le.

Mo ti gbé àpótí náà kalẹ̀ sí Keller, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fún Ọlálékan ọmọ mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, mọ́ ilé rẹ̀. Mo ṣe é bí a ti ń ṣe é nílé. Mo fi ọ̀rá wé aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po méjì kí atẹ́gùn má lè wọ̀ ọ́, mo da káńfọ̀ sáàárín wọn, mo gbé àpótí lé orí igi mẹ́rin, mo sì ki ẹsẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí mo bu epo kẹrosíìnì sí. Ikán tó bá fẹ́ gùn ún yóò kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọlálékan ní, "Bàbá, kò sí ikán ní Hamburg."

Mo ní, "Ṣé o ti rí gbogbo Hamburg ni?"

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹwàá

Ìbíwùmí, àbúrò Ayọ̀níkẹ́, pè láti Berlin. Kò kí mi dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Fẹ̀hìn, ogójì ọjọ́ ti kọjá. Èmi àtàwọn ọmọ la ó pín ẹrù ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọkọ kì í jogún aya."

"Mo ní mo mọ̀, Ìbíwùmí. N ò sọ pé mo jogún rẹ̀. Àpótí kàn wà lọ́dọ̀ mi ni."

"Ó kàn wà lọ́dọ̀ yín, lẹ fi gbé e sá kúrò ní Berlin bí ẹni jí ewúrẹ́ gbé!"

Ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ẹnu Ayọ̀níkẹ́ náà ti mú nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹwàá

Kaisa, ìyàwó Ọlálékan, ará Finland ni. Kì í jáde lọ síbi iṣẹ́. Orí tábìlì ilé ìdáná ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: kọ̀ǹpútà kan, àti páálí kéékèèké tó tẹ́ kalẹ̀ débi pé a ò ríbi gbé àwo ọbẹ̀ sí. Àwọn kan nílùú wọn ń ṣe ìwé ńlá tó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí èdè wọn, wọ́n sì bu díẹ̀ fún un nínú rẹ̀. Jámánì ni èmi àti òun jọ ń sọ, tèmi Jámánì èbúté, tirẹ̀ Jámánì ilé ìwé. Bí mo bá ti gbọ́ ọ sí ni mò ń tú u sí Yorùbá fún Mọ́nsúrù.

Mo bi í pé ọ̀rọ̀ mélòó ló ti ṣe láti ìgbà tí mo ti dé.

"Ọ̀kan, Bàbá."

"Ọ̀kan?"

"Keep. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti wà lórí rẹ̀."

Mo ní tó bá jẹ́ èbúté ni, ẹni tó bá gbé àpò kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ni yóò bá ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí mú páálí kọ̀ọ̀kan. Bí òyìnbó bá ní kí ènìyàn mú ṣéńjì tó kù, keep ni. Bó bá ń sin adìyẹ, keep. Bó bá mú ìlérí ṣẹ, keep. Bó bá ní kí ọmọ dákẹ́, keep. Bó bá dá ẹnìkan dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, keep. Bó bá ń bá ìrìn lọ láìsinmi, keep. Oúnjẹ tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ fún nílé onílé, keep náà ni. Kódà, ilé gogoro tó wà láàárín odi àwọn ọba wọn àtijọ́, keep ni wọ́n ń pè é.

Mo ní, "Ẹrù rẹpẹtẹ, àpò kan ṣoṣo. Ṣé ìṣẹ́ ń ṣẹ́ wọn ni?"

Ó ní èdè tiwọn kò kó o pọ̀ bẹ́ẹ̀. Adìyẹ àti ìlérí, pitää. Kí a máa bá nǹkan lọ, jatkaa. Kí a dúró sójú kan, pysyä. Kí a dá ènìyàn dúró, odotuttaa. Oúnjẹ ẹni, elatus. Ohun tí ènìyàn tọ́jú pamọ́, bíi wàrà, säilyttää. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ wàrà fúnra rẹ̀ ni kò bàjẹ́, säilyä. Mọ́nsúrù ní òun ò lè kọ irú èyí láéláé àfi kí Kaisa kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun wò ó kọ. Ó ti wò ó kọ. Àmì wà lórí ọ̀rọ̀ tiwọn náà, méjì méjì bí ẹyinjú.

Ó bi mí ní ti Yorùbá. Mo ní: adìyẹ, à ń sìn ín. Ìlérí, à ń mú un ṣẹ. Àṣírí, à ń pa á mọ́. Ẹnu ọ̀nà, à ń ṣọ́ ọ. Ọmọ, à ń tọ́jú rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn páálí kan. Kò ní í lò ó fún nǹkan kan, ó ní òun kàn fẹ́ ẹ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹwàá

Epo pupa ti gbówó lórí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á ní Altona. Mo ra ìgò kan péré, mo sì bá obìnrin náà jà.

Kaisa ní òun gbàgbé láti sọ fún mi pé pitää yẹn, tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn di nǹkan mú, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn fẹ́ràn nǹkan. Bí nǹkan bá sì di dandan, pitää náà ni. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa bú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun ò bú u, èmi ni mo bú u. Òótọ́ ni.

Ayọ̀níkẹ́ ò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi. "Ṣé ẹ ti jẹun?" ló máa ń bi mí. Ìyẹn náà tó.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kọkànlá

Ọdún ìtùnú ààwẹ̀ ni. Mọ́nsúrù gbé ẹran díndín wá láti Harburg nínú abọ́ onídèérí, ó ní gbogbo èrò inú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ló ń wo òun lójú. A jẹun yó. Bó ti ń nu ọwọ́ ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló tiẹ̀ wà nínú àpótí yìí gan-an?"

Mo sọ fún un. Léèsì méjì. Àrán kan. Ìborùn funfun tó fi ṣe ìyàwó. Ẹtù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àti kíjìpá aláró kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun nígbà tí oyún Fẹ̀hìntọlá wà nínú rẹ̀. Òun ló fi pọn àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn méjì tó kú, inú kíjìpá yẹn, lẹ́yìn ìyá wọn, ni ibi tí mo ti rí wọn láàyè kẹ́yìn.

Bí wọ́n bá pín ẹrù, ó lè bọ́ sọ́wọ́ Ìbíwùmí. Kò pọn ọmọ kankan nínú rẹ̀. Yóò fi bo àga.

Mọ́nsúrù mú bírò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Fẹ̀hìntọlá nígbà náà."

"N ò ní sọ ọ́."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kọkànlá

Fẹ̀hìntọlá pè. Kì í pariwo, ìyẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ káàsán. Ṣé òtútù ò yọ yín lẹ́nu? Ẹ gbọ́, lọ́jọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, èmi àti Àǹtí Ìbíwùmí ó wà nílé mi ní Wedding, níbí ní Berlin. Ẹ gbé àpótí náà bọ̀. Bí ẹ ò bá gbé e wá, àwa la ó wá bá yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní kíákíá báyìí?"

"Bàbá, aṣọ ìyá mi ni."

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kọkànlá

Hausmeister, ọkùnrin tó ń bójú tó ilé yìí, fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn wa fọ́. Ó ní ta ló da epo sí Keller, ṣé a fẹ́ sun gbogbo ilé ni? Ó ní kí a kó o kúrò lónìí. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ikán fún un. Ó wò mí títí, ó yíjú sí Kaisa, ó bi í bóyá ara mi yá. Kaisa ní ara mi yá ju ti ọkùnrin náà lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Èmi àti Ọlálékan gbé àpótí sókè. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Nígbà tí Ọlálékan lọ síbi iṣẹ́ tán, tí Kaisa lọ sí ọjà, mo tú okùn ọrùn mi, mo ṣí i.

Omi wà nínú ọ̀rá. Kì í ṣe omi òjò. Aṣọ ló làágùn sínú ọ̀rá, kò sì ríbi tí òógùn náà yóò gbà jáde. Àmì dúdú ti ta sí léèsì méjèèjì jákèjádò. Ìborùn funfun ya bí ìwé nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Àrán ń rùn. Ní ojú kíjìpá, nǹkan funfun ti hù bí irun arúgbó.

Kò sí ikán kan ṣoṣo níbẹ̀.

Mo pa á dé, mo sì tì í.

Ọjọ́rú, 16 oṣù kọkànlá

N ò ní ọ̀rọ̀ lónìí. Mọ́nsúrù ní òun yóò kọ ìyẹn náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kọkànlá

Òórùn ló tú mi fó. Kaisa dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Bàbá, kí ló wà nínú àpótí yẹn?" Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. N ò tíì fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí Ayọ̀níkẹ́ ti kú. Ó rẹ̀ mí láti máa gbé e kọ́rùn.

Ó kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo, kò sì sọ pé ó mà ṣe o. Mo ní, "Fi kún páálí rẹ. Mo ṣe säilyttää. Aṣọ ò ṣe säilyä."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìborùn yìí ti lọ. Léèsì, bóyá. Àmọ́ èyí, aṣọ tó le ni." Kíjìpá ló dì mú. Ó da ọ̀rá nù, ó ṣí fèrèsé, ó na gbogbo wọn sórí àga àti sórí ilẹ̀kùn, ó ní ká dúró de òtútù.

"Òtútù ló wà níta yìí."

"Òtútù gidi, Bàbá. Èyí tó ní yìnyín gbígbẹ. Ìyá màmá mi kì í fi omi fọ ẹní onírun àti aṣọ tó wúwo. Yóò dà á bolẹ̀ lórí yìnyín, yóò fi nǹkan lù ú, yóò sì fi í sílẹ̀ nínú òtútù. Ohun tó bá hù sí i lára, òtútù á pa á."

Mo ní ṣé orí ìyá màmá rẹ̀ pé. Ó ní ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú, orí rẹ̀ sì pé títí dọjọ́ náà.

Mo kìlọ̀ fún Ọlálékan kó má sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi? Mi ò sí ńbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan."

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù kọkànlá

Kò tíì já. Èmi tí mo ti ń bú yìnyín láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí, lójú fèrèsé ni mo wà láti àárọ̀, tí mò ń retí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù kọkànlá

Ó já. Láti òwúrọ̀ ló ti ń já, gbígbẹ bíi gààrí. Mọ́nsúrù dé, bàtà rẹ̀ funfun.

Kaisa gbé kíjìpá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ọ̀pá mi tẹ̀lé e. Mo ti pinnu pé n ó dá a dúró. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán, ó ti da ojú aṣọ bolẹ̀ lórí yìnyín, ó sì gbé ohun tí wọ́n fi ń lu ẹní sókè, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. Ó dún gbàù. Mo ké, "Rọra! Ọmọ wà ní…"

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, Mọ́nsúrù nìkan ló gbọ́. Ó yíjú síbòmíràn.

Kaisa wò mí, ó na nǹkan náà sí mi. "Ẹ lù ú fúnra yín, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe le tó."

Mo lù ú. Níbẹ̀rẹ̀ mò ń lù ú bí ẹni ń gbọn ẹ̀wù ọmọ ìkókó, nígbà tó yá apá mi rántí iṣẹ́. Èbu ń fò jáde. Mọ́nsúrù ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ lẹ ń lù o, kì í ṣe Ìbíwùmí." Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti di ọ̀pá mi mú. N ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹjọ.

Nígbà tí a gbé e sókè, yìnyín abẹ́ rẹ̀ ti di búlúù. Aró Ayọ̀níkẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ rẹ òwú yẹn kí Fẹ̀hìntọlá tó dáyé, ó sì tún wà níbẹ̀, gbọọrọ, nílẹ̀ Rothenburgsort. Ẹ̀rù ba Kaisa, ó ní ṣé a ti bà á jẹ́. Mo ní rárá, bí aró ojúlówó ṣe ń ṣe nìyẹn, bó bá fara kan nǹkan á fún un ní díẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Hausmeister ń wò wá lójú fèrèsé. Mo juwọ́ sí i.

A dúró níbẹ̀ títí yìnyín tuntun fi bo búlúù náà. N ò sọ pé ká dúró. Kò sẹ́ni tó ní ká wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kejìlá

Kíjìpá ti gbẹ lórí Balkon, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òde. Òórùn ti kúrò lára rẹ̀. Ẹtù náà yè. Àrán sàn díẹ̀. Àmì dúdú ara léèsì ò lọ. Ìborùn funfun ti tán, mo ká èyí tó kù lára rẹ̀ sínú aṣọ ìnujú kan. A kó gbogbo wọn padà sínú àpótí láìfi ọ̀rá wé wọn, Kaisa sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sí mi lọ́rùn.

Kaisa ti fi keep ránṣẹ́ sílé. Mo ní kí ni wọ́n sọ, ó ní wọ́n ní ó gùn jù. Ó ní kerosene ń bọ̀ níwájú. Mo ní ìyẹn, kó lọ bi Hausmeister.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kejìlá. Wedding, Berlin

Èmi àti Mọ́nsúrù gbé àpótí wọ ọkọ̀ ojú irin ní Hamburg. A sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Zoo. Fẹ̀hìntọlá ti ń dúró dè wá, ó kúnlẹ̀ kí mi níbi tí èrò ti ń kọjá, àwọn òyìnbó ń yà fún un.

Nílé, Ìbíwùmí ti jókòó. Shalom ọmọ Fẹ̀hìntọlá wá jókòó sórí àpótí, wọ́n ní kó dìde.

Kí n tó tú okùn ọrùn mi, mo sọ ohun tó bàjẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní èmi ni mo bà á jẹ́, kì í ṣe Ọlálékan, kì í ṣe Kaisa. Ìbíwùmí lu itan. "Mo sọ ọ́! Fẹ̀hìntọlá, ṣé mi ò sọ ọ́?" Nígbà tó rí ìborùn funfun, ó gbé e lé ojú, ó sunkún. N ò dá a lẹ́kun. Òun náà ni ó ni í.

Fẹ̀hìntọlá ní, "Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ fi fi ọ̀rá wé e?"

"Nítorí ikán."

"Ikán?"

"Mo bu epo kẹrosíìnì sí ìdí rẹ̀ náà."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, omijé tẹ̀lé e. "Ikán ní Hamburg! Bàbá!" Ìbíwùmí tó ń sunkún pàápàá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí Màmá Fẹ̀hìn bá gbọ́ èyí, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi lórí rẹ̀."

Ó kan kíjìpá. Mo dì í mú, mo sì sọ ohun tí mo ní n ò ní sọ. Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ gbọ́. Àwọn tó kú wà nínú aṣọ yìí. N ò fẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fi pọ̀n rí. Ìdí tí mo fi gbé àpótí lọ nìyẹn."

Ìbíwùmí nu ojú. "Bàbá Fẹ̀hìn, ẹ ò bá sì ti sọ ọ́. Ta ló fẹ́ gba aṣọ ìpọnmọ lọ́wọ́ ọmọ?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn tó.

Shalom fi imú sí kíjìpá, ó sọ ọ́ ní Jámánì pé ó ń rùn bí ìta gbangba. Fẹ̀hìntọlá ká a, ó fẹ́ gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa mú èyí."

Mo ní, "Ọkọ kì í jogún aya." Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lẹ́nu àpótí, mo fi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo sì pa ìka rẹ̀ dé.

Fẹ̀hìntọlá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, jẹ́ kí Mọ́nsúrù kọ ọ́ kó má di pé mo ní n ò sọ ọ́. Àpótí ìyá rẹ di tìrẹ. Ìwọ lo mọ ohun tí wàá fún Àǹtí rẹ, ìwọ lo mọ ohun tí wàá fún Ọlálékan. Má ṣe bi mí. Má fi ọ̀rá wé nǹkan kan. Máa ṣí i lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí yìnyín gbígbẹ bá já, gbé kíjìpá jáde, da ojú rẹ̀ bolẹ̀, kí o sì lù ú. Má bẹ̀rù, kò ní ya. Bí ilẹ̀ bá di búlúù, pe Shalom kó wá wò ó.